Ìyá Tó Gbé Ẹ̀rọ Sórí Itan

Mo mọ fèrè fọn. Kì í ṣe ìgbéraga, bó ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé fèrè sasofóònù kọ́rùn ní Ìlá, àwọn ìyá ìjọ wa ní ẹnu mi á wọ́, n kò sì ní rí ọkọ fẹ́. Ẹnu mi kò wọ́, mo sì rí ọkọ fẹ́. Ọkọ ọ̀hún gan-an ló máa ń bá mi ru àpótí fèrè lọ sóde.

Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ti ìjọ kan. Olùkọ́ ni èmi, ẹni tó ń ta gìtá ń wa takisí lọ sí Ọ̀tan Ayégbajú, alùlù wa sì jẹ́ bíríkìlà tó máa ń kírun kí a tó bẹ̀rẹ̀. Jáàsì là ń lù, jáàsì tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, orin kan ṣoṣo sì lè gba gbogbo ìrọ̀lẹ́. Àwọn alàgbà ìjọ mi ní àdúrà wa ti gùn jù fún ẹni tí kò gbààwẹ̀.

A kì í lù ní gbọ̀ngàn. Ọ̀wẹ̀ là ń ṣe. Bí òrùlé arúgbó kan bá ń jò, tàbí tí ògiri opó kan fẹ́ wó, a ó kóra jọ síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, a ó tún un ṣe, onílé á sì se iṣu fún wa. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó fọwọ́, a ó sì lù nínú àgbàlá rẹ̀. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan la ní nígbà náà, onílé la sì máa ń gbé e fún kó gbé e sórí itan. Ẹni tí a torí rẹ̀ wá kò gbọdọ̀ kàn jókòó bí àlejò. Iṣẹ́ tirẹ̀ nínú orin náà nìyẹn. Bí a bá lù tán, òun ló ni kásẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí orin wa fi fọ́n ká ilé onílé títí dé ìlú Ire.

Láìpẹ́ yìí ni ọkùnrin ọmọ Ìgbájọ kan tó ń ṣiṣẹ́ orin ní Èkó sọ pé òun fẹ́ kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà sórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bàjẹ́. Inú mi dùn. Èmi ni mo gun ọ̀kadà káàkiri, tí mo ń kanlẹ̀kùn.

Ní Ire, obìnrin aránṣọ kan fi ìborùn wé kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fún mi.

"Orin kọ́ ni mo ń wá o, mà," ó ní. "Ìyá mi ló gbé ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí wọ́n kú. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì yìí, ìgbà tó sì fi kàn mí, kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ mọ́. N ò mọ ohùn ìyá mi."

Mo ní á gbọ́ ọ. Mo rántí ìyá náà dáadáa: kò panu dé láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tí a fi lù tán.

Nígbà tí orin náà dé sórí fóònù mi, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin aránṣọ náà. Orin náà mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Fèrè mi ń dún ketekete, àní ibi tí mo ti ṣì í fọn pàápàá. Obìnrin náà tẹ́tí, ó tẹ́tí, títí orin fi tán. Ohùn ìyá kò sí níbẹ̀.

"Bóyá wọn ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ni, mà," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́. Ó dùn mí wọra.

Mo pe ará Èkó.

"Mọ̀mí, obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ bo fèrè yín mọ́lẹ̀," ó ní. "Mo yọ ọ́ kúrò kí orin lè mọ́."

Inú bí mi. "Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ yẹn? Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ wa, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. O lé ọmọ ẹgbẹ́ jáde, o wá ní o fọ orin!"

Ó tọrọ àforíjì, ó wá jẹ́wọ́ pé kásẹ́ẹ̀tì ti já mọ́ òun lọ́wọ́. Àfi bí èyí tí òun kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ bá ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà. Mo sọ òtítọ́ náà fún obìnrin yẹn. "Kò burú, mà, Ọlọ́hun ń bẹ," ló fi dá mi lóhùn. Ojoojúmọ́ ni mo ń pe ará Èkó, títí ó fi sọ pé òun ti rí i.

Kò fi ránṣẹ́. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ, àwa mẹ́ta sì jókòó yí i ká. Fèrè mi wá jìnnà réré, bí ẹni ń fọn ọ́n lẹ́yìnkùlé ẹlòmíràn. N kò bínú sí i. Ohùn obìnrin kan ló wà níwájú, Ìgbómìnà pọ́ńbélé, ó ń dúpẹ́ òrùlé, ó ń ní kí wọ́n lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu. Mo sọ fún ará Èkó níbẹ̀ pé báyìí gan-an ni orin náà máa ṣe jáde. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Lẹ́yìn náà, ọmọdé kan sunkún. A gbọ́ ọwọ́ tó ń gbá ọmọ lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń bá ìlù wa lọ láìṣì. Ohùn ìyá rẹlẹ̀.

"Dákẹ́, ọmọ mi. Ilé tiwa ni wọ́n ti ń lù ú. Ṣé o ń gbọ́? Ṣé o ń gbọ́ ọ?"

Obìnrin aránṣọ náà ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ó kúnlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà.

"Mo ń gbọ́, mà," ó ní. "Ìyá mi, mo ń gbọ́."