Ìṣẹ́jú Mẹ́tàlá Nínú Yàrá Ẹ̀rọ

Òórùn yàrá ẹ̀rọ wa ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí: òórùn ríbọ́ọ̀nù ìtẹ̀wé tó ti gbóná, ti eruku abẹ́ pátákó ilẹ̀, àti ti atẹ́gùn tútù tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ jáde láìsinmi. Níta, ọyẹ́ ti gba gbogbo Ìlọrin, ètè ń bó, ẹsẹ̀ ń là, gbogbo òrùlé ti pọ́n fún eruku. Nínú yàrá yẹn, súwẹ́tà ni mo máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Bí ìwọ tó ń kà á bá ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì láyé ìgbà yẹn, wàá mọ̀ bí inú ènìyàn ṣe máa ń dùn pé òun ń jókòó síbi tó tutù nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń làágùn. Mo ṣe fáàrí òtútù yẹn gan-an. N kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Kọ̀ǹpútà wa kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń gbé lé itan lónìí. Ó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mẹ́ta tí a tò mọ́ra. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n a ti pín agbára rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kéékèèké tí ojú kò rí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló ni ẹ̀rọ. Àlejò la máa ń pè wọ́n. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń bá wa ṣe ní àlejò tirẹ̀, ilé ìwòsàn kan láàárín ìgboro sì ní tirẹ̀, níbi tí wọ́n ń tọ́jú orúkọ àwọn tó máa ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún aláìsàn sí: irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní, àti ibi tí a ti lè rí wọn. Iṣẹ́ tèmi ni láti bójú tó àwọn àlejò wọ̀nyí, kí n pín àyè fún wọn lórí dísíìkì tí ẹ̀rọ ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ sí, kí n sì rí i pé ọ̀kan kò wọ ilé ọ̀kan.

Àwọn ọdún náíntì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà náà. Kálukú ló ń sọ pé bí ọdún bá fi lè yí, kọ̀ǹpútà gbogbo ayé yóò gbàgbé ọjọ́, iná yóò kú, bàálù yóò já lójú ọ̀run. A ti palẹ̀ mọ́ de ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Kò sẹ́ni tó palẹ̀ mọ́ de èmi.

Ọ̀gá wa, Alàájì kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé, ló gbọ́ pé Linux, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ènìyàn ń fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ti ṣeé gbé sínú irú ẹ̀rọ ńlá tiwa gẹ́gẹ́ bí àlejò. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun fi téèpù méjì tí ètò náà wà nínú wọn ránṣẹ́. Inú Alàájì dùn bí ọmọdé. "Bí èyí bá ṣeé ṣe," ó wí, "a ò tún ní máa bẹ ẹnikẹ́ni fún kọ̀ǹpútà kéékèèké mọ́." Èmi ló gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Dísíìkì wa dà bí ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n sí pulọ́ọ̀tù ní Basin níbi tí mò ń gbé. Nọ́ńbà ló ń sọ ibi tí ti ẹnìkan parí sí àti ibi tí ti ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà ibi tí àlejò tuntun náà yóò ti bẹ̀rẹ̀ sórí ìwé. Ó yẹ kí márùn-ún ṣíwájú nọ́ńbà náà. Mẹ́rin ni mo kọ. Mo tún un wò lẹ́ẹ̀mejì, ojú mi sì rí márùn-ún, nítorí pé márùn-ún ló wà lọ́kàn mi. Alàájì náà wò ó, ó buwọ́ lù ú. Oṣù ààwẹ̀ ni, kò tíì fi omi kan ẹnu láti ìdájí.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kọjá díẹ̀ nígbà tí mo pàṣẹ fún ẹ̀rọ kó nu àyè àlejò tuntun náà mọ́. Nọ́ńbà ń sáré lójú kọ̀ǹpútà, mo sì ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìlà kan yọ láàárín wọn: àlejò ilé ìwòsàn ní òun kò lè ka dísíìkì òun mọ́. Mo rò pé àsìṣe kékeré ni. Ìlà kejì yọ, ìkẹta yọ. Mo fa ìwé mi, mo fi ìka tẹ̀lé nọ́ńbà náà, mẹ́rin sì wà níbẹ̀ gbangba bí ojú ọjọ́. Ara mi tutù ju yàrá yẹn lọ. Mo lé àlejò tuntun náà jáde tipátipá, ṣùgbọ́n ó ti nu ohun tó nù. Ilé onílé ni mo ń gbá mọ́.

Ibẹ̀ ni tẹlifóònù ti dún.

"Ẹ káàárọ̀ o. Láti wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ ni." Nọ́ọ̀sì ni, ohùn rẹ̀ kò ga, ó kàn ń yára. "Ẹ bá wa wo àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ O nẹ́gátíìfù. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ìgò kan péré ló kù lọ́wọ́ wa, ẹ̀jẹ̀ mìíràn ò sì bá a mu."

Ó yẹ kí n sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Ohun tí mo sọ ni pé: "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."

Mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀, mo wo aago ara ògiri, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó ṣẹ́ kù lórí dísíìkì náà. Ìrètí mi ni pé bóyá lẹ́tà O ṣì wà níbì kan, kí n hú u jáde, kí n kà á fún wọn, kí ayé má mọ̀. Ìlàjì orúkọ ni mo ń rí, àdírẹ́sì tí kò lórúkọ, lẹ́yìn náà òdo, òdo, òdo. Ìyá àgbà tó máa ń tẹ fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn náà sínú ẹ̀rọ jókòó sí òdìkejì ògiri gíláàsì yàrá wa, ó ti gbọ́ tí mo ń dáhùn ìpè. Ó yọ ojú wọlé.

"Kí ni ẹni tó pè yẹn ń wá?"

"Kò sí nǹkan kan, Mọ̀mí."

Ó wò mí, ó padà. Tẹlifóònù tún dún, n kò dìde. Òun ló gbé ti orí tábìlì rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ pé "hẹ̀ẹ́, hẹ̀ẹ́." Nígbà tó tún wọlé, kò dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ó gbá mi léjìká mú.

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà ṣì ń dà. Ọmọ mi, kí lo ṣe?"

Mo dìde. Mo tún wo aago kí n tó jáde, n kò mọ ìdí rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ti kọjá.

Alàájì ń ka ìwé nígbà tí mo wọlé tọ̀ ọ́. Mo ti to àlàyé kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ fò lọ. "Sà, mo ti nu àkọsílẹ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn sì ń wá a nísinsìnyí. Obìnrin kan ń kú lọ."

Kò pariwo. N bá fẹ́ kó pariwo. "Téèpù tí a fi da àkọsílẹ̀ pa mọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?"

"Ó wà nínú sééfù ní àdúgbò Post Office." A ní ọ́fíìsì kejì níbẹ̀, ọwọ́ Alàájì nìkan sì ni kọ́kọ́rọ́ sééfù náà máa ń wà.

Ó ti dìde. "Lọ tún ibi tí a ó dà á sí ṣe. Nọ́ńbà tí o bá fẹ́ tẹ̀, kọ́kọ́ kà á sókè sétí Mọ̀mí. Má tẹ̀ ẹ́ àfi bó bá kà á padà fún ọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é. Ìyá náà di ìwé mú, mo ń kà, ó ń kà á padà. Èmi fúnra mi ni mo pe nọ́ọ̀sì yẹn, mo sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣe kíá," ó gé e. Nígbà tí Alàájì padà dé, kò sí fìlà lórí rẹ̀, òógùn sì ti rẹ ẹ̀yìn agbádá rẹ̀. Ọkọ̀ ti dí oríta Post Office pa, ló bá fi mọ́tò àti dírẹ́bà sílẹ̀ síbẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ, ó fẹsẹ̀ sáré bọ̀ nínú oòrùn yẹn, tòun ti ààwẹ̀ lẹ́nu.

Mo ki téèpù bọ ẹ̀rọ. Ó yí, ó yí, ó dúró lágbedeméjì. Alàájì fúnra rẹ̀ rẹ òwú sínú sípíríìtì, ó nu ojú ibi tí téèpù ń gbà kọjá, ó ní, "Bísímílláhì. Tún un ṣe." Lọ́tẹ̀ yìí, ó yí débi òpin. Orúkọ mẹ́ta ni ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Mo kà wọ́n fún nọ́ọ̀sì lórí tẹlifóònù, ó ní ẹni àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kò tíì pé oṣù kan, ẹnìkejì ti kó kúrò nílùú. Ẹnìkẹta ń ṣe fírémù fọ́tò ní àdúgbò Challenge, kò ní tẹlifóònù. Dírẹ́bà ti rọ́nà kúrò láàárín ọkọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Alàájì ní kí n bá a lọ.

Ọkùnrin náà ń gé gíláàsì lọ́wọ́ nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo fi ìwé hàn án, mo sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Ó wo oòrùn, ó wò mí.

"Ààwẹ̀ ń bẹ lẹ́nu mi."

"Mo mọ̀, sà."

Ó fọwọ́ nu ṣòkòtò, ó bo gíláàsì tó ń gé. "Ààwẹ̀ ṣeé san padà. Ẹ bá mi ra omi àti búrẹ́dì dání, wọn ò ní gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí ebi ń pa. Wàllàhi, ẹ jẹ́ á máa lọ." Nínú mọ́tò, ó jẹ búrẹ́dì náà díẹ̀díẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé bí ẹni tójú ń tì.

N kò fojú kan obìnrin náà rárá. Bẹ́ǹṣì ìta ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ tó gbé ọmọ tuntun sí àyà. Ẹnìkan ti sọ fún un pé èmi ni mo lọ mú ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ wá. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń ṣàdúà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwọ náà ò ní rí àgbákò lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, Ọlọ́run ò ní dójú tì ọ́. N kò lè ṣe àmín, n kò sì lè gba ọwọ́ mi. Wọ́n ti ń pe ìrun alásárì kí nọ́ọ̀sì tó jáde wá, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dá, obìnrin náà ti la ojú.

Lọ́jọ́ kejì, Alàájì ní kí n kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ní wákàtí-wákàtí. Mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò kọ ìpè àkọ́kọ́ yẹn sí i. Mo kà á, mo ya á. Nígbà tí mo tún un kọ, mo kọ ìṣẹ́jú tí nọ́ọ̀sì pè, mo kọ ohun tí mo sọ fún un, mo kọ ìṣẹ́jú tí mo dé ọ́fíìsì Alàájì. Ó kà á títí dé ibẹ̀, ó dúró.

"Mẹ́rin tí o pè ní márùn-ún, èmi náà buwọ́ lù ú," ó wí. "A jọ ni ín. Téèpù sì ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n mẹ́tàlá yìí, kò sí téèpù tó lè dá a padà."

Kò lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti bójú tó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́yìn ìgbà náà, mo sì ti ba nǹkan jẹ́ nínú wọn, nítorí kò sẹ́ni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tí kì í bà á jẹ́ lọ́jọ́ kan. Kì í ṣe nọ́ńbà yẹn ló máa ń jí mi lójú oorun. Ohùn ara mi ni mo máa ń gbọ́, ohùn jẹ́jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, tó ń sọ fún ẹni tó wà nínú wàhálà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀." Ìtìjú kì í pa ènìyàn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé tèmi lè pa ẹlòmíràn.