Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Tí Mo Fi Ń Wọn Ẹsẹ̀ Ìyá Rẹ

Imọ̀ ọ̀pẹ tútù tí wọ́n bá ń ha láti fi ṣe ìgbálẹ̀, òórùn rẹ̀ a máa dà bíi ti àgbàdo tí kò tíì gbó. Ní abúlé wa lẹ́yìn Lálúpọn, èmi ni mo máa ń ha tiwa. Títí dòní, bí òórùn yẹn bá ta sí mi nímú, inú mi kì í dùn. Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ mi, má bá mi tún un ṣe.

Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ra bàtà fún ọmọ kì í mú ọmọ dé ọjà. Ọmọ á gbé ẹsẹ̀ lé ẹyọ ìgbálẹ̀, wọn á ṣẹ́ ẹ níbi tí àtàǹpàkò bá mọ, ọlọ́jà á sì ti ẹyọ ọ̀hún bọ inú bàtà wò. Báyìí ni bàbá àgbà rẹ ṣe wọn ẹsẹ̀ ìyá rẹ láàárọ̀ ọjọ́ tó wọ rélùwéè lọ sí Jọ́ọ̀sì, tó lọ wa kùsà. Ìyá rẹ ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Bàbá àgbà rẹ fi ẹyọ náà há inú fìlà, ó ní, "Bàtà rẹ á ṣáájú mi délé."

Ọdún yípo, a ò rí bàtà. Mo ní bóyá ẹsẹ̀ ọmọ ti ju ẹyọ tó mú dání lọ ni. Àwọn tó mọ̀wé ń kọ lẹ́tà. Èmi ò mọ̀wé, mo fa ẹyọ mìíràn yọ, mo wọn ẹsẹ̀ ọmọ, mo fi rán Ìyá Olóbì sí i, àgbàlagbà ilé kejì wa tó máa ń kó obì lọ sí Òkè Ọya. Lọ́dọọdún ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀, lọ́dọọdún ni ẹyọ náà ń gùn sí i. Bí wọ́n bá dé, wọn a ní, "Mo fún un. Ó ní òun gbọ́." Àwọn obìnrin ilé a sì máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyàwó, ìgbálẹ̀ rẹ mà ti ń tán o! Ṣé ọwọ́ lo fẹ́ máa fi gbálẹ̀ ni?" Èmi náà a bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún kẹfà, mo bẹ Ìyá Olóbì pé kí wọ́n sọ òótọ́ fún mi. Wọ́n sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó, wọn ò wojú mi.

"Ìyàwó, ó ti fẹ́ ẹlòmíì níbẹ̀. Ọmọ ti di méjì."

"Ẹyọ ìgbálẹ̀ mi ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹran tán ni mo bá a. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi tayín."

Mi ò sunkún. Mo mọ bó ṣe máa ń ti ẹnu sápá kan tó bá ń tayín.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo tún ń ha imọ̀ lẹ́yìn ilé, mo bá pe ìyá rẹ kó wá gbé ẹsẹ̀ lé ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ fi rán. Ìyá Olóbì ò tiẹ̀ lọ Òkè Ọya mọ́. Ìyá rẹ gbé ẹsẹ̀ lé e. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti sán bíi tèmi.

Mo ní, "Bàtà ti ọdún yìí á dé."

Ó ní, "Ẹ̀n, màámi, á dé."

Ìgbà tó ń lọ sílé ọkọ ló tó sọ fún mi pé ẹ̀yìn ògiri lòun wà lọ́jọ́ tí Ìyá Olóbì sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ lòun gbọ́. Mo ti rò pé èmi ni mò ń tan ọmọ, kí ọkàn rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Àṣé ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ń gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ nítorí tèmi, torí ó mọ̀ pé bí òun bá fi lè kọ̀, kò ní sí nǹkan kan tí màá tún máa retí. Bàtà fúnra rẹ̀, kò dé.