Orúkọ Tí Mo Kọ ní Bárò

Àwòrán ilẹ̀ Minna ló wà níwájú mi lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé ọmọ ìlú ni mí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìlú náà di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun. Àwa ayàwòrán ilẹ̀ là ń fa ìlà sí ibi tí títì yóò gbà, a sì ń sàmì sí igun tí wọn yóò ri òpó sìmẹ́ńtì mọ́. Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò ní Minna, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá mi sí. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá lẹ́rìí, òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni wọn yóò sọ ọ́ dà, kò ní gba owó ìfẹ̀yìntì. Inú bí mi.

Mo gba Bárò lọ, èbúté àtijọ́ létí Odò Ọya, láti wá ẹni tí yóò jẹ́rìí sí mi. Ibẹ̀ ni bàbá bàbá mi ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, tó sì bá wọn tẹ́ irin rélùwéè dé Minna. Èbúté náà ti dá páropáro. Irin ti dípẹtà, ewúrẹ́ ń sùn káàkiri. Baba Ndagi, arúgbó Núpé tó ń ṣọ́ ibẹ̀, tẹjú mọ́ mi.

"Sannu da zuwa. Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ ọmọ Sàlámì ni mí, Baba."

"Sàlámì Ọ̀fà! Kai! Òun àti bàbá mi ni wọ́n jọ ń ru irin gòkè."

Omi bọ́ lójú mi. Mo kọ ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀ka sí i. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ohun tí mo bá wọ̀n ni kí n kọ. Bí Baba ṣe pe orúkọ náà gẹ́lẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́. N kò tilẹ̀ rò ó pé lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ìlú tí èèyàn ti wá ni wọ́n fi ń pè é. Àfọwọ́fà gbáà!

Akọ̀wé àgbà ní ọ́fíìsì wa ka ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Malam, ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́: Sàlámì Ọ̀fà. Lọ gba ìwé ọmọ ìlú l'Ọ́fà."

"Ọ̀gá, n kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Bàbá mi gan-an kò débẹ̀ rí."

"To, kí ni kí n ṣe?"

Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì nìyẹn. Ó dùn mí dọ́kàn, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iṣẹ́ mìíràn ti wà lórí tábìlì mi: ilẹ̀ ilé tí ìjọba fẹ́ pín fún òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ ìlú. Mo gbẹ́ pẹ́ńsù mi, mo yà á. Kò sí ìlà kan tó wọ́ níbẹ̀.