Afárá Onípẹtà Orí Tábìlì

Nígbà ìjọba Ìyípadà, tí àwọn sójà ń ṣàkóso wa, èmi ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ ìjọba sára ògiri ní Ifangni, ìlú wa létí ibodè. Ọ̀dà pupa, lẹ́tà gàdàgbà. Bí mo bá kọ ọ́ tán, òjò á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún ránṣẹ́ pè mí. Iṣẹ́ náà kò wù mí púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ni mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò bàbá mi wá bá mi ní ìsọ̀. Ó ti jagun fún àwọn Faransé ní Aljẹ́ríà, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti rọ. Ó gbé afárá kékeré kan kalẹ̀ síwájú mi, kò gùn ju apá mi lọ. Agolo wàrà àti agolo sadíìnì ló gé, tó sì fi òjé jó pọ̀. Àárín rẹ̀ ti já.

"Bá mi kùn ún," ó ní, "kó dà bí irin tó ti pẹ́ nínú òjò."

Mo mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti Daagbé, tí wọ́n jọ lọ sógun, ní ayò kan tí wọ́n ń ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n fi iyanrìn ṣe òkè àti odò sórí tábìlì, wọ́n to àwọn sójà kéékèèké tí wọ́n fi òjé rọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wọ́n á ju ọmọ lúdò. Iye tó bá yọ ni sójà wọn máa rìn. Ilé ìwòsàn àwọn sójà ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Mo fi ọ̀dà búráwùn kùn ún, mo gbé e lọ fún un. Ó mi orí.

"Èyí ò jọ ìpẹtà."

Ó dùn mí. Mo lọ jókòó ti ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú sẹ́bàá ọ̀nà Lagbé, mo ń wò ó. Ìpẹtà kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo. Ó dúdú níbi tó ti pẹ́, ó pọ́n létí, omi òjò sì ti fà á wálẹ̀ lára ilẹ̀kùn bí epo ṣe ń ṣàn lára ìkòkò. Mo ha ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú bébà. Nígbà tí mo délé, mo fi ọ̀dà dúdú tó pọ́n díẹ̀ kun afárá náà, mo wọ́n iyọ̀ sí i kó tó gbẹ, lẹ́yìn náà mo fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kùn ún lórí. Ìgbà tó gbẹ, mo gbọn iyọ̀ náà kúrò, gbogbo ibi tó wà sì ṣí sílẹ̀ bí irin tí ọ̀dà ti bó lára rẹ̀. Mo wá po ìyẹ̀fun ìpẹtà mọ́ omi gààrí kíki, mo fi ègé fóòmù tẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo oríkèé rẹ̀.

Mo gbé e lọ bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Àbúrò bàbá mi gbà á, ó jókòó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Òun nìyí," ó ní. Ó gbé e sórí odò orí tábìlì náà.

Nígbà náà, ẹ̀rù àwọn ajagun-gbowó, àwọn àjèjì tí wọ́n sanwó fún kí wọ́n wá dojú ìjọba dé, ń ba gbogbo ìlú. Ẹnìkan lọ sọ fún dẹlegé, aṣojú ìjọba ní àdúgbò wa, pé àwọn àgbàlagbà méjì ń ya ojú ogun nítòsí ibodè. Ó dé pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tó gbé ìbọn. Mo wà níbẹ̀.

"Kamaradi," ó ní, bí àwọn ará ìjọba ṣe ń pe gbogbo èèyàn, "ogun ta ni ẹ ń múra rẹ̀?"

"A ti jà á tán, ọmọ mi," ni àbúrò bàbá mi wí.

Dẹlegé mú afárá náà. Ìyẹ̀fun ìpẹtà kun ìka rẹ̀. "Níbo nìyí?"

"Aljẹ́ríà. Wọ́n ní ká sáré kọjá. Àwa méjèèjì kọjá. Ọmọ Sakété kan wà láàárín nígbà tó já."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń ta á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dáhùn. "À ń wá ọ̀nà tí a ò bá fi mú ọmọ náà kọjá."

"Ṣé ẹ ti rí i?"

"Nígbà mìíràn. Bí ọmọ lúdò bá gbà."

Dẹlegé rọra dá afárá náà padà sórí odò. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀. "Bàbá, ẹ kó o wọlé. Ẹ má ta á níta mọ́." Wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Láti ọjọ́ náà, inú ilé ni wọ́n ti ń ta á. Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ yẹn kú. A sin ín sí Daagbé. Àbúrò bàbá mi kò súnmọ́ tábìlì náà mọ́. Iyanrìn rẹ̀ ń dà sílẹ̀, adìẹ ń yé ẹyin sórí òkè.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe epo pupa, kò fìgbà kan béèrè ohunkóhun nípa ogun. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo ń bá wọn tún òkè tó wó ṣe, àbúrò bàbá mi jókòó lókèèrè, ni ìyàwó rẹ̀ bá fa àga ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, ó jókòó.

"Èwo ni tiyín nínú àwọn sójà yìí?"

Ọkọ rẹ̀ nàka sí i láti ibi tó wà.

"Ọmọ Sakété yẹn ńkọ́?"

Ọkọ rẹ̀ dìde wá, ó mú un fún un. Obìnrin náà gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí. "Irú èèyàn wo ni?"

Àbúrò bàbá mi fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. "Ó máa ń kọrin bó bá ń fá irùngbọ̀n," ó ní. "Á máa fi abẹ gé ara rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Mo kó búrọ́ọ̀ṣì mi, mo jáde. Láti ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ ṣáá, ìyàwó rẹ̀ sì ń bi í léèrè.