Mo Ní Àǹtí Ń Sanra

Bí Àǹtí, àbúrò bàbá mi, bá gun àtẹ̀gùn ilé wa n'Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó dé ìdajì, á dúró, á máa tú báàgì. "Mò ń wá kọ́kọ́rọ́ ni." Ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Èémí ló ń wá, gbogbo wa la mọ̀.

Ilẹ̀kùn kan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá ló há nínú ọkàn rẹ̀. Lókè òkun, wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba iṣan itan rẹ̀ lọ ṣí i. Ó ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò padé dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ wá ń jò padà. Dókítà wa ní Surulere kìlọ̀ fún un: "Mà, bí ẹsẹ̀ yín bá ti wú, ẹ máa bọ̀ kíá. Wọ́n máa ní láti la àyà, kí wọ́n pààrọ̀ ilẹ̀kùn yẹn."

Láràárọ̀ ni Àǹtí ń fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun. Lọ́jọ́ kan ó pè mí. "Wò ó, ṣé kò wú báyìí?"

Ó wú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù àyà lílà ń bà mí. Lójú tiwa, aláìsàn tó bá ti ń tóbi, ara rẹ̀ ti yá nìyẹn, mo sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ ń sanra ni jàre!"

Inú rẹ̀ dùn. Ó fa ìró bo ẹsẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà la gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó tẹ ẹsẹ̀ náà, ìka rẹ̀ rì bí ẹni ń tẹ ẹ̀bà. Ó ní ó ti rẹ ọkàn Àǹtí kọjá ohun tí wọ́n lè fi abẹ kàn. "Ìgbà wo ló ti ń wú?"

Mo la ẹnu. Àǹtí di ọwọ́ mi mú.

"Àná ni, Dókítà."