Ọ̀bẹ Kérésìmesì

Kékeré gan-an ni mo wà, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ padà ni, nígbà tí Tíṣà kó wá sí ilé tó dojú kọ tiwa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí pé inú ń bí mi, bí inú bá sì ń bí àgbàlagbà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa ya bàrá. Ọmọ etí omi ni Tíṣà, láti Abigi lọ́hùn-ún ló ti wá. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n gbé e wá láti kọ́ni. Bàbá tèmi jẹ́ Mùsùlùmí, àgbẹ̀ olóbì àti olókòkó ni, kò sì mọ̀wé rárá. Tíṣà ní ọmọkùnrin kan tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Òun ni ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà náà. Òun náà ni ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí bá wí.

Ọmọ etí omi mọ ẹja pa, kò mọ ẹran pa. Kérésì àkọ́kọ́ tí Tíṣà ṣe ládùúgbò wa, ó di àkùkọ mú lẹ́yìnkùlé, ó dijú, ó fi ọ̀bẹ ìdáná kékeré kan ha á lọ́rùn. Àkùkọ já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sáré la ọ̀nà kọjá tòun ti ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn, ó wọ àgbàlá wa, ó sì lọ kú sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi tí bàbá mi fi ń ṣe àlùwàlá. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n se ẹran náà tán, Tíṣà gbé tiwa wá, ṣùgbọ́n bàbá mi ní, "Tíṣà, ẹ má bínú, a ò lè jẹ ẹ́. Ó ti kú kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ Ọlọ́run sí i lórí. Ká ní èmi lẹ pè kí n pa á ni, à bá jọ jẹ ẹ́."

Tíṣà kò bínú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí Kérésì tún kù dẹ̀dẹ̀, ó lọ bá alágbẹ̀dẹ, ó ní kó rọ ọ̀bẹ gígùn kan fún òun, ó sì gbé e wá fún bàbá mi. Ó ní, "Ilé yín ni yóò máa gbé. Ẹran tí a bá fẹ́ pa nílé mi lọ́jọ́ ọdún, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa bá wa pa á, kí dede wa lè jọ jẹ ẹ́." Bí ọ̀bẹ náà ṣe di ti ilé méjì nìyẹn. Orí àjà wa ló ń gbé, a fi àkísà tí a ti fi epo pa wé e. A kì í fi gé iṣu, a kì í fi bó ẹ̀gẹ́. Iléyá àti Kérésì nìkan ló ń jáde fún. Láàárọ̀ Kérésì, kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Tíṣà fúnra rẹ̀ a wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, kì í rán ọmọ. Á ní, "Ẹ wá bá wa pa á o." Bàbá mi a ṣe àlùwàlá, á mú ọ̀bẹ, wọn a jọ lọ. Nígbà tí ìrẹsì bá dé ilé wa lọ́sàn-án, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó pa ẹran inú rẹ̀. Ọwọ́ wa kì í dúró tó bẹ́ẹ̀.

Ilé Tíṣà ni mo ti mọ ìwé kà. Ó máa ń ra ìwé ìròyìn, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Ìjẹ̀bú-Òde bọ̀ ló ń gbé e wá, ìròyìn àná la sì ń kà lónìí. Ní ìrọ̀lẹ́, bí bàbá mi bá ti kírun Àsárì tán, òun àti àwọn olóbì ẹgbẹ́ rẹ̀ a wá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ Tíṣà. Èmi a ka apá kan, ọ̀rẹ́ mi a ka apá kejì. Àwọn Yorùbá ní ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, ó pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ogun ilẹ̀ Lárúbáwá àti ti Júù, ogun ilẹ̀ àwọn èèyàn tí a ò mọ orúkọ ìlú wọn pè, a kà á títí ahọ́n wa fi ń kọ́. Ṣùgbọ́n Tíṣà ní àṣà kan. Bí a bá ka ìròyìn kan tán, á béèrè pé, "Ta ló fojú rí i? Ta ló sọ fún ẹni tó kọ ọ́?" Bí ìwé ò bá sọ ọ́, a gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "A ò tíì mọ̀, sà." Bàbá mi fẹ́ràn ìbéèrè yẹn ju ìròyìn gan-an lọ. Bó bá dóko, tí alágbàṣe kan bá wá ròyìn ẹlòmíì fún un, á ní, "Ta ló fojú rí i?"

Wọ́n máa ń jiyàn nípa ogun wọ̀nyẹn, ẹ má rò pé áńgẹ́lì ni wọ́n. Lọ́jọ́ kan, Tíṣà àti bàbá mi pariwo mọ́ ara wọn títí ìyá mi fi jáde. Nígbà tí ó wá tó àkókò Màgàríbì, Tíṣà ló bu omi àlùwàlá fún un. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

Bàbá mi kú, ọ̀bẹ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Tíṣà náà kú, ọmọ rẹ̀ wá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀ Kérésì. Àwa méjèèjì ti darúgbó báyìí. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ò mọ orúkọ mi, Bàbá Òdìkejì ni wọ́n ń pè mí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un kí n tó dé ibi tó ń dùn mí. Nígbà tí wọ́n kó àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn wá sí àgọ́ tó wà ní Òrù, èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ gbé iṣu àti gààrí lọ fún wọn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Mo bi í pé àwọn ọmọ ogun wo ló sun ilé rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọmọ ogun, ọmọ àdúgbò òun ni wọ́n. Ó ní, "Mo mọ ìyá wọn. A jọ ń pọn omi." A padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Lẹ́nu ọ̀nà wa ni ọ̀rẹ́ mi ti dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀ láàrin wa." Mo ní àmín. Àmín yẹn ló ń ká mi lára jù lónìí.

Nínú òjò èṣí, mo lọ kí i lọ́ọ̀dẹ̀ Tíṣà, ibi tí a ti ń kàwé níjọ́sí. Fóònù ló ń wò. Kò tilẹ̀ ní kí n jókòó, ó na fóònù sí mi lójú. Ilé kan ń jó nínú fídíò náà, àwọn èèyàn ń sá, ní ilẹ̀ òkèèrè kan tí èmi àti òun kò dé rí.

Ó ní, "Ṣé wo rí ǹkan tí ẹ̀yin ń ṣe?"

Mo ní, "Ẹ̀yin wo? Èmi àti lèsí?"

"Ẹ̀yin Mùsùlùmí."

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń dápàárá. Mo wá bi í ní ìbéèrè bàbá rẹ̀, mo ní, "Ta ló fojú rí i? Ta ló fi ránṣẹ́ sí ọ?" Ó ní dede ayé ló ti mọ̀. Ó ti fóònù bọ àpò, ó wọlé, ó sì fi mí sílẹ̀ ní ìdúró nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ tí a ti kọ́ mi ní A, B, D. Ẹ má rò pé Kristẹni nìkan ni mò ń bá wí o. Àwọn tiwa náà ń fi tiwọn ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ń bú àwọn tí kò ṣẹ̀ wọ́n. Pípa ni mò ń pa á rẹ́. Èmi mọ ẹni tó kọ́ mi níwèé.

Mo ní yóò tán nínú rẹ̀. Mo ní bí Kérésì bá dé, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, a ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Láàárọ̀ Kérésì, mo ti ṣe àlùwàlá, mo ti mú ọ̀bẹ sọ̀ kalẹ̀ látorí àjà, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lórí bí ọkọ ìyàwó. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ni mo rí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọdún, Bàbá Òdìkejì. Bàbá àgbà ní kí ẹ fún mi ní ọ̀bẹ àwọn."

Mo bi í pé ṣé ọ̀bẹ nìkan ni wọ́n ní kó mú wá, tàbí wọ́n ní kí n máa bọ̀. Ó ní ọ̀bẹ nìkan ni.

Ọ̀bẹ àwọn. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọdé? Mo fà á lé e lọ́wọ́, mo ní kó rọra, ó mú. Mo ṣí fìlà mi.

Lọ́sàn-án, wọ́n gbé ìrẹsì wá nínú kúlà, adìẹ wà lórí rẹ̀ rẹpẹtẹ, ó ń ta sánsán. Ìyàwó mi ṣí i, ó tún dé e. Ó wo ojú mi, ó ní, "Lèsí pa á?" Láti ìgbà tí mo ti dáyé, ẹnì kan ò béèrè rí nínú ilé wa pé ta ló pa ẹran ilé Tíṣà. Ọ̀rẹ́ mi mọ̀ pé mi ò ní lè jẹ ẹ́. Bàbá rẹ̀ ló ròyìn àkùkọ yẹn fún wa títí, òun náà ti rò ó fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì gbé e wá. Bó bá jẹ́ pé kò gbé oúnjẹ wá rárá, ìyẹn ì bá sàn fún mi. Èmi ò mọ ìgbà tí mo sunkún gbẹ̀yìn kí ọjọ́ náà tó dé.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ayé ti yí. Ìròyìn tó ń gba ọjọ́ kan àtààbọ̀ kó tó dé ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, ó ti ń dé kí ẹni tó ń jìyà ibẹ̀ tó ké tán. Ó yá, ó yá, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó fojú rí i mọ́. Ogun tí kò mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó ti bá inú fóònù dé, ó sì ti jókòó sáàárín ilé méjì tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan là láàárín. Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ṣì ń lọ sí mọ́sálásí. Bí a bá pàdé, à ń kí ara wa bí àwọn tó kàn jọ wọ ọkọ̀ kan náà.

Iléyá ti kù dẹ̀dẹ̀, ọ̀bẹ kò sì tíì padà wálé. Àgbò ti wà lórí ìso lẹ́yìnkùlé mi, itan rẹ̀ kan jẹ́ ti ilé Tíṣà, mi ò ní yí ìyẹn padà. Ìyàwó mi ní kí n lọ ra ọ̀bẹ mìíràn lọ́jà, ọ̀bẹ kún ibẹ̀. Mo ní mi ò fẹ́. Nítorí náà, èyí tó bá mọ ilé ọ̀rẹ́ mi nínú yín, kó bá mi sọ fún un pé mo fẹ́ fi ọ̀bẹ wa pa ẹran. Kó má fi rán ọmọ o. Kó mú un wá fúnra rẹ̀, kó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.