Ìyá Àmì àti Mọ́nítọ̀ Tí Ó Dúdú Kirikiri

Orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ilé ìtẹ̀wé ti ń pè é, ni Ìyá Àmì-Kò-Gbọdọ̀-Já-Bọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Bí iṣẹ́ bá wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọn a gé e kúrú sí Ìyá Àmì. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ṣí ìwé náà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ kí ẹ̀rọ tó gbé e mì. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín yàrá rẹ̀ àti yàrá ẹ̀rọ. Nítorí náà, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni ife tíì rẹ̀ máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí tábìlì, tí òun a sì máa fi ìgbọ̀nwọ́ dá a padà láìwò ó. Yàtọ̀ sí ife yìí, ohun mẹ́rin ni ó wà lórí tábìlì náà: èkíní, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, èkejì, bírò pupa, ẹ̀kẹta, awò tí ń mú nǹkan tóbi, ẹ̀kẹrin, òǹtẹ̀ tí a kọ “Ó TỌ́” sí. Kò sí ìwé tí ó lè dé orí ẹ̀rọ láìgba òǹtẹ̀ yìí. Fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọwọ́ Ìyá Àmì nìkan ni ó ti ń gbé e.

Orí káàdì kan ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ fẹ́ kí alága wọn kú oríire ilé ìránṣọ tuntun tí ó ṣí. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni, “Kí iṣẹ́ yín máa pọ̀ sí i.” Ohun tí ó jáde lórí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta káàdì ni, “Kí ìṣẹ́ yín máa pọ̀ sí i.” Àmì ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo, tí kò tó ìrù eṣinṣin, ni ó sọ àdúrà di èpè. Òǹtẹ̀ “Ó TỌ́” sì wà gbàgàdà lẹ́yìn ìwé tí wọ́n fi yẹ káàdì náà wò.

Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé pè é.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí fún mi.”

Ìyá Àmì kà á. “Kí iṣẹ́ yín máa pọ̀ sí i.”

“Ẹ tún un kà.”

“Kí iṣẹ́ yín máa pọ̀ sí i. Ọ̀gá, kí ló dé?”

Ìgbà kẹta ni ó tó rí i. Nígbà tí ó rí i, ó jókòó, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fi àga lọ̀ ọ́.

Ọ̀gá ní, “Àwọn aránṣọ yẹn náà ló tún gbé ìwé ìtàn ẹgbẹ́ wọn wá, ogójì ojú ewé. Alága ní àwọn fẹ́ fi mọ̀ bóyá àṣìṣe la ṣe àbí a ń gbé wọn ṣépè. Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ tí àmì kan péré bá tún yà nínú ìwé yìí, àna mi ló máa gba òǹtẹ̀ yẹn.”

Àna ọ̀gá ni ẹni tí ó gbà tọkàntọkàn pé ìgbẹ́ eṣinṣin ni gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀.

Ìyá Àmì kò dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ojú kọ̀ǹpútà ni ó dá lẹ́bi. Ojú náà ti ṣá bí aṣọ àlòkù. Kókó kékeré orí “i” àti àmì orí “ì” kò yàtọ̀ síra lórí rẹ̀ mọ́. Ó gba ìwé ìpolówó mọ́nítọ̀ tuntun kan, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà, ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé e fún ọkọ rẹ̀ nílé.

Awakọ̀ tí ó ti fẹ̀yìntì ni ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ọgọ́ta ọdún ni ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà lọ kọ́ ìwé kíkà, ìka rẹ̀ sì máa ń tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tí ó ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní.

“O, L, E, D,” ni ó kà. “Kò sí àmì kankan lórí ẹ̀. Olè ni, àbí ọ̀lẹ?”

“Baba, orúkọ mọ́nítọ̀ ni. Oléèdì ni wọ́n ń pè é.”

“Olè tí èèyàn ń fowó ara ẹ̀ rà wọlé! Ìyẹn tún yàtọ̀ o.”

“Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀.”

“Ta ló bẹ̀rẹ̀? Owó òrùlé wa lo fẹ́ fi rà á, àbí?”

Ẹ̀kán omi kan já bọ́ láti òrùlé sínú báàfù tí ó wà láàárín wọn, ó bá Ìyá Àmì fèsì.

Ní ọjọ́ kejì, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Atajà náà ti tan mọ́nítọ̀ náà sílẹ̀, ẹja aláràbarà sì ń lúwẹ̀ẹ́ lójú rẹ̀.

“Màmá, ẹ wo dúdú yìí! Àwọn yòókù máa ń tanná sẹ́yìn dúdú ni. Tèyí bá ti dúdú, iná ibẹ̀ kú pátápátá. Ó dúdú kirikiri!”

“Ìwé funfun ni mò ń kà, ọmọ mi. Kí ni n ó fi òkùnkùn ṣe?”

“Ẹ wo ẹja, Màmá. Ẹ lè ka ìpẹ́ ara ẹ̀.”

“Ẹja kò lámì ohùn. Gbé e kúrò.”

Ó yọ fíláàṣì kọ̀ǹpútà láti inú báàgì, ó ní kí atajà ṣí ojú ewé kẹta ìwé àwọn aránṣọ tí ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yọ awò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀.

“Màmá! Kò sẹ́ni tó ń fawò wo kọ̀ǹpútà!”

“O ti rí ẹnì kan báyìí. Kí ló dé tí etí lẹ́tà yìí pọ́n lápá kan, tó wá dàwọ̀ ewé lápá kejì?”

Atajà náà fi ọwọ́ ra orí. Ó ní bí wọ́n ṣe to iná inú rẹ̀ ni. Níwọ̀n bí ìyá náà kò ti gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó tún jẹ́wọ́ èkejì: bí ohun kan bá dúró sójú kan ṣáá lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó lè fi àpá síbẹ̀.

“Ojú àpá kò sì lè jọ ojú ara,” ni Ìyá Àmì wí. Ó rántí ìlà irinṣẹ́ tí ó máa ń wà lókè ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí kò tíì ṣípò padà láti ọdún mẹ́jọ.

Síbẹ̀, ó gbé awò sápá kan, ó ka ojú ewé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn lẹ́tà náà mọ́ lóló bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kò rí àṣìṣe kankan. Ó ní kí atajà bá òun gbé e sápá kan di ọ̀la. Ó ti pinnu.

Kí ó lè yí ọkọ rẹ̀ lọ́kàn padà, ó tẹ ojú ewé kẹta náà sórí bébà, ó fi lé e lọ́wọ́. “Ẹ wò ó, Baba. Orí mọ́nítọ̀ yẹn ni mo ti kà á. Kò lábàwọ́n kankan.”

Ìka bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. “A-lá-ga wa à-kọ́-kọ́, ọwọ̀ ni wọ́n fi rán a-ṣọ à-kọ́-kọ́ wọn.” Ìka dúró. “Ìyá ilé, ọwọ̀? Ìgbálẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ki òwú bọ̀ ọ́?”

“Ọwọ́ ni, Baba. Ẹ kà á dáadáa.”

“Mo kà á dáadáa. Àmì yìí dorí kọ ìsàlẹ̀. Olùkọ́ wa ní tó bá ti dorí kọ ìsàlẹ̀, kí n fa ohùn walẹ̀. Mo ti fà á walẹ̀.”

Ìyá Àmì gba bébà. Ọwọ̀ ni lóòótọ́.

“Orí olè yẹn náà lo ti kà á?”

“Orí ẹ̀ ni.”

“Olè ọ̀hún ò sì rí nǹkan kan mú.”

Ẹ̀rín ni obìnrin náà kọ́kọ́ rín. Nígbà tí ó ṣe, ó rántí káàdì tí òun kà lẹ́ẹ̀mejì níwájú ọ̀gá, lórí bébà, láìsí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ rárá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi fóònù bẹ atajà pé kí ó má bínú, òun kò ra mọ́nítọ̀ náà mọ́. Ó mú ọkọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó fún un ní àga. Fún ọjọ́ mẹ́rin, baba náà ń kígbe ogójì ojú ewé bo ariwo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kan, kò méfò ọ̀rọ̀ kan, aya rẹ̀ sì ń fi bírò pupa tẹ̀lé ohùn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa wá dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni wá wòran. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó tẹ òǹtẹ̀ “Ó TỌ́”.

Ìdúró ni alága àwọn aránṣọ ka ìwé náà tán. Ó pa á dé, ó ní, “Ẹ sọ fún ìyá yẹn pé kí iṣẹ́ wọn máa pọ̀ sí i.” Ó rọra pe “i” náà, kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ rárá. Òǹtẹ̀ kò kúrò lórí tábìlì.

Àwọn ènìyàn ń ṣì í sọ pé mọ́nítọ̀ tuntun ni ó ràn án lọ́wọ́, nítorí pé wọ́n ń rí ọ̀kan ní ilé ìtẹ̀wé náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ni ó lọ ra èyí tí Ìyá Àmì fi sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni ó ń fi wò, àmì ayò sì ti ń dá àpá sí igun òkè rẹ̀. Wọ́n tún ń sọ pé àṣìṣe mẹ́tàlá ni ọkọ rẹ̀ mú nínú ìwé náà. Mọ́kànlá ni. Méjì tí ó kù, ìwé náà tọ̀nà. Baba ni ó ṣì wọ́n kà.